Ẹnu tí Bàbá Àfáà Yá Lọ́yà

Nígbà tí mo kéré débi pé garawa tó kéré jù nílé nìkan ni orí mi lè gbé, oṣù ààwẹ̀ kì í ṣe oṣù ìsinmi fún àwa ọmọbìnrin agbo ilé wa ní Pàkàtà, nílùú Ìlọrin. Àwa là ń gbá iwájú mọ́ṣáláṣí, àwa là ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, àwa náà là ń tẹ́ ẹní fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ wáàsí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹní títẹ́ kò ni mí lára rárá. Omi wíwọ́n yẹn ló máa ń dùn mí dọ́kàn, torí èmi ni mo rù ú wá láti ọ̀nà jíjìn, ojú mi báyìí ni ilẹ̀ á sì mu ún tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń ṣe wáàsí náà. Bàbá Àfáà là ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé dàgbà, nítorí bàbá mi ń ṣòwò lókè Ọya, ọdún Iléyá ló máa ń gbé e wálé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fún yín, torí n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Kì í kí èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣe àdúà ìbẹ̀rẹ̀ tán, á dákẹ́, á wo ojú jámáà kiri títí á fi rí ẹnì kan tí ojú rẹ̀ rẹ̀ jù. Ẹni yẹn ló máa bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ńṣe ni àwa yòókù kàn yà wá kí wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ látọ̀run. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tàbí lára ọkọ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ yodì, tàbí lára ẹni tó ń yí òṣùwọ̀n lọ́jà. Bó bá wá dé ibi tó yẹ kó pariwo, ibẹ̀ gan-an ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo wa á na ọrùn. Ìyá Másà, tó ń dín másà lójúde wa, á gbé páànù kúrò lórí iná kí ariwo òróró má baà dí i létí. Ẹni tó bá mọ bí ebi ààwẹ̀ ṣe ń ṣe èèyàn nírọ̀lẹ́ á mọ̀ pé ohun tó lè gbé másà kúrò lórí iná kì í ṣe kékeré.

Omi ni ìṣòro àdúgbò wa. Kànga agbo ilé máa ń gbẹ bí ọyẹ́ bá ti dé, a ó sì máa lọ tò sídìí ẹ̀rọ kan tó jìnnà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjà, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú bú èèyàn láìla ẹnu. Bí omi bá pẹ́, a ó pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà á nà wá. Bí a bá sì sáré kí a má baà pẹ́, tí omi dànù lọ́nà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá Àfáà àti bàbá mi, á ní ká yí padà. Àìmọye ìgbà ni mo ti sunkún padà sídìí ẹ̀rọ yẹn. Àtàrí mi yìí, irun kò fi bẹ́ẹ̀ hù dáadáa níbẹ̀ títí dòní.

Ìgbà náà ni ìjọba ológun ní kí òṣèlú tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni méjì ló jáde láti ṣe alága wa. Èkíní ń ta táyà mọ́tò nítòsí Pósófíìsì, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é. Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn dùn. Bó bá gun orí tábìlì, ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: ikùn rẹ̀, orí rẹ̀ tó pá, ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ìjọba, gbogbo èèyàn ti di tirẹ̀. Ó mọ oríkì agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó lóun máa gbé odò Asà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá Àfáà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ó ní bí àlùbọ́sà lọ̀rọ̀ ọkùnrin náà rí, pé kéèyàn bó o títí, kò ní bá nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èkejì ni Lọ́yà. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó kàwé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó bá dìde láti sọ̀rọ̀, ká ṣáà máa wò ó ni. Á fa bébà yọ, á tẹ orí mọ́ ọn, á máa kí àwọn èèyàn ńláńlá tó wà níkàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí kò wá. Ohùn rẹ̀ kì í gòkè, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á ya wọ inú Yorùbá, àwọn ìyá á máa wojú ara wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè ṣe ìlérí kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí àyè bá gbà wá, bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí i, bí owó bá wà, a ó gbìyànjú láti fa omi ẹ̀rọ dé Pàkàtà. Kó tó kà á délẹ̀, àwọn àgbà ti ń tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ ti rìn lọ.

Àwa ọmọdé rí eré nínú èyí. A ó da ojú odó délẹ̀ lójúde, ẹnì kan á gun orí rẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ ṣe Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá fẹ́ fìyà jẹ ló máa ṣe Lọ́yà: a ó fún un ní bébà àpò sìmẹ́ńtì, á tẹ orí mọ́ ọn, á máa ránmú pé bí owó bá wà, bí owó bá wà. A ó rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Ìyá Àgbà ká wa mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó ní ká kúnlẹ̀ ká gbé ọwọ́ sókè, pé ẹni tó bá ń sín àgbà jẹ, ahọ́n rẹ̀ á kólòlò. Bó ṣe dá wa sílẹ̀, a tún gba ẹ̀yìn ilé lọ bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Lọ́yà wá bá Bàbá Àfáà nílé. Èmi ni mo gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó wá di ife mú bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó lóun mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ òun. Ó ní iṣẹ́ kò lè ti òun, ẹnu ni òun kò ní, kí Bàbá Àfáà jọ̀wọ́ yá òun ní tiwọn fún ọjọ́ kan péré. Bàbá Àfáà ní rárá, pé orí ẹní wáàsí ni òun ti ń sọ̀rọ̀, òun kì í ṣe ẹni pápá ìpolongo. Ìyá Àgbà gbè é lẹ́sẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹnu tí wọ́n fi ń ka Àlùkùránì kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń yá ará ilé kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ìdí omi dé pẹ̀lú ètè wíwú. Ọmọbìnrin kan ló fi ike gbá mi lẹ́nu níbi tá a ti ń du ipò. Bàbá Àfáà di àgbọ̀n mi mú, ó gbé e sókè, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ bá òun pe Lọ́yà.

Pápá ilé ìwé wa ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ náà. Bàbá Àfáà dìde, ó dákẹ́, ó wo ojú àwọn èèyàn kiri, ó wá pè mí pé kí n gbé garawa mi bọ̀. Mo dúró níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú garawa òfìfo lórí. Ó bi wọ́n pé ọmọ ta nìyí. Àwọn ìyá ní ọmọ wa ni. Ó ní kí wọ́n wo ètè mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rẹ ohùn sílẹ̀, pápá náà sì dákẹ́ lọ wáí.

"Bí ọkùnrin yìí bá wọlé," ó ní, "omi á dé ẹnu ọ̀nà yín. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn èèyàn ń ké Àlááhù Àkúbárù. Ìyá Másà ń fi ìborùn nu ojú. Ẹ̀yìn Bàbá Àfáà ni Lọ́yà jókòó sí, bébà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí i tó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé.

Ẹ ó rántí pé nígbà náà, ìdìbò kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á gbé àwòrán àwọn tó ń du ipò síta, oníkálukú á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, lójú gbogbo ayé. Bàbá Àfáà ló kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn àwòrán Lọ́yà. Bí wọ́n ṣe rí i níbẹ̀, wọ́n ń tò tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀lé e nírun. Mo rí bàbá arúgbó kan tó tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó dúró. Ìyá Másà fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà Ẹlẹ́rìn-ín, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Lọ́yà wọlé.

Ó gbìyànjú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n kọ́ ojú ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán an, wọ́n kùn ún ní búlúù. A ti to garawa sídìí rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Owó páìpù tó máa gbé omi dé ibẹ̀ ni kò dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí àwọn ológun fi padà dé tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ewúrẹ́ ló ń sùn sídìí ẹ̀rọ wa.

Ààwẹ̀ tún dé. Mo tẹ́ ẹní, mo wọ́n omi. Àlùjánnà ni Bàbá Àfáà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti omi tútù tó ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dé ibi tó dùn jù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Másà na ọwọ́ sókè. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ló ṣe béèrè.

"Àfáà, ẹ má bínú. Omi tí ẹ ń wí yìí, ṣé bí ti ọjọ́sí ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Àfáà ṣe àdúà, ó ní ká máa lọ.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń mú ìwé wá. Á wọ dígí, á tẹ orí mọ́ ìwé, á máa kà á lọ láìgbójú sókè, á sì máa fi "Ọlọ́run ló mọ̀ jù" dé gbogbo gbólóhùn. Ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń tòògbé, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba mọ́ṣáláṣí mìíràn lọ. Ẹní tí mò ń tẹ́ ń dín kù. Ìyá Másà ṣì ń jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò gbé páànù kúrò lórí iná mọ́.

Mo ti wà nílé ọkọ kí n tó láyà láti bi í léèrè. Mo gbé wàrà lọ kí i, a jókòó sábẹ́ òrùlé níwájú ilé, mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó jẹ wàrà rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Lọ́yà kò purọ́ fún yín," ó ní. "Bí owó bá wà ló wí. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò, kí ọ̀rọ̀ lè dùn létí yín."

Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti ń bẹ̀rù ẹnu ara òun. Gbólóhùn "bí owó bá wà" yẹn gan-an ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù lórí odó. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń wí yìí, pé Bàbá Àfáà kú láìtún sọ̀rọ̀ tó lè gbé másà kúrò lórí iná.

Àdúgbò Fate ní Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí. Kànga ẹlẹ́rọ wà nílé, ọmọbìnrin mi kò ru omi rí, irun orí rẹ̀ sì pé. Àwọn òṣèlú òde òní kò tilẹ̀ yá ẹnu lọ́wọ́ àfáà mọ́. Aláwàdà ni wọ́n ń sanwó fún, àti olórin. Ẹni tó ń du ipò fúnra rẹ̀ á kàn jó, á juwọ́, á wọ mọ́tò. Ẹlẹ́rìn-ín tiwa ṣáà ń gun tábìlì fúnra rẹ̀.

Nígbà ìpolongo tó kọjá, lẹ́yìn tí aláwàdà ti pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín tán, wọ́n fún ọmọbìnrin kan láyè, tíṣà kan láti ìhà Ọ̀mù-Àrán tóun náà ń du ipò. Ó tẹ orí mọ́ fóònù rẹ̀, ó ń kà á. Ó kí àwọn tó wà níbẹ̀ títí ó fi sú wa. Ó wá ní bí owó bá wà, òun á gbìyànjú láti tún ilé ìwosàn àdúgbò ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ránmú, ó ń sín in jẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: bí owó bá wà, bí owó bá wà. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé àga mi, mo lọ jókòó níwájú pátápátá, níbi tí tíṣà náà ti lè rí ojú mi bó bá gbé orí sókè. Lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń dìde, tí wọ́n ń lọ.