Bàbá Aláṣọ, Ẹni Tó Lóṣòó Nítorí Bàálù Fúnmi

Ó dìgbà ná, Bàbá Aláṣọ. Ilẹ̀ ti mọ́ ní Lawanson, a ò gbọ́ ikọ́ yín ní pàséèjì. Ikọ́ yẹn ni aago ilé wa. Ẹ ó wúkọ́, ẹ ó fi bàtà na ilẹ̀, ẹ ó ní, "Àwọn wo ló ṣì ń sùn bí ẹni tó ti rà, tó ti tà?" Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ilé kàn ń dákẹ́ ni. Àwọn àbúrò mi ní kí n wú ikọ́ yín fún àwọn, torí èmi ni mo mọ̀ yín sín jẹ jù nínú ilé. Mo wú u. Ẹkún sọ, Màámi sì ní kí n má dán an wò mọ́.

Ọmọ Ọbòkun tó ru ìdì aṣọ láti ìlú dé ìlú, tó fi owó aṣọ kọ́lé, tó fi rán ọmọ níwèé. Bàbá tó ga, tó tún mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yín tó kàwé dáadáa ti kọ tiwọn sínú ìwé ìsìnkú yìí, ó sì dùn ún kà. Tèmi, Dàmọ́lá, ọmọ-ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ní Ìdí-Àràbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ bàálù Fúnmi ni, nítorí pé èmi ni mo bá yín lọ rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ ò mọ Fúnmi, àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti kékeré, lẹ́yìn ibà kan tó ṣe é. Ó lè fi tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, kò lè fi di nǹkan mú. Bí àlejò bá wọlé, á ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ aṣọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣe, "Mi ò lè ṣe é" ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà bá ti ń dún bọ̀ lókè, Fúnmi ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbójú sókè. Ó wá rí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó mú bàálù ìṣeré wá sílé ìwé, irú èyí tí wọ́n kó apá, ìrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú páálí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọmọ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ó délé, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́.

Bàámi ní kí a ra èyí tí wọ́n ti tò tán, tó ń lo bátìrì. Màámi ní bí ọmọ náà bá gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, kò ní gbìyànjú nǹkan kan mọ́. Ẹ gbọ́ tiwọn tán, ẹ ní, "Bí a bá ra èyí tí wọ́n ti tò fún un, a ti fi ẹnu ara wa sọ fún un pé òótọ́ ni, kò lè ṣe é." Ẹ ní èyí tó bá sì le ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, òun náà ò dáa. Àkọ́rà ló ṣòro. Bí àkọ́rà bá bá ọmọ mu, èyí tó kù á máa tẹ̀lé e wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi pẹ̀lú yín gba Ojúẹlẹ́gbà lọ sí Yábàá, sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí kan tó ń ta ohun ìṣeré òkè òkun. Páálí bàálù tò lọ rẹrẹ lórí pẹpẹ. Mo ti nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ya iná àti ogun sí lára. Ẹ gbá ọwọ́ mi wálẹ̀. Ẹ ní àwòrán ni mò ń rà, àwòrán kọ́ ló sì wà nínú páálí. Bí ẹ ti ń ra aṣọ náà nìyẹn. Ẹ kì í wo ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa ń yí síta. Ẹ wá bẹ Àǹtí pé kó bá yín ṣí páálí kí ẹ wo inú.

Àǹtí ní wọn kì í ṣí i. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, bí àwọn tó ń ka ìròyìn: ẹni tó bá ti ṣí i ti rà á nìyẹn. Ẹ ní kò burú. Ẹ jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ẹ lóṣòó.

Òṣómàáló lẹ fi ìgbà èwe yín ṣe. Ẹ ó ta aṣọ láwìn, bó bá wá dọjọ́ àdéhùn, ẹ ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, ẹ ò ní jókòó, ẹ ò ní dìde, àfi bó bá fún yín ní ohun yín. Àwọn àgbà tó ń kọjá ní Yábàá mọ ìlóṣòó yẹn. Ẹ ò bínú, ẹ ò pariwo, ẹ kàn ń wo iwájú. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìyá kan wọlé lọ bá Àǹtí, ó ní, "Ọmọ mi, èló lo jẹ bàbá yìí? San díẹ̀ níbẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n kú sí ọ lọ́rùn." Àǹtí búra pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá yẹn ní gbogbo ajigbèsè ló ń wí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, imú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dìde, kí ẹ wá ṣí èyí tó bá wù yín.

Ẹ wọlé, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ wá ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ ká ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bíi ti Fúnmi. Èmi tí mò ń sín gbogbo àdúgbò jẹ, mi ò mọ̀ pé ẹ ti wo ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà tẹ ara bàálù mọ́ kántà, ẹ wá fi òsì nìkan wá ojú ibi tí apá ti ń wọlé. Ti àkọ́kọ́ kéré jù, ó ń yọ̀ sá. Èkejì ń fẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ ní ọwọ́ kan ò lè di gọ́ọ̀mù kó tún di apá. Àǹtí bi mí pé kí lẹ ń ṣe, mo sọ fún un. Ó gun àpótí, ó sọ ọ̀kan kalẹ̀ láti òkè pátápátá, bàálù kékeré, rọ́bà tó nípọn, tí páálí rẹ̀ ò fani mọ́ra rárá. Ẹ ti apá rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dún kọ́, ó dúró. Ẹ ní òun nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ tẹ́ ẹní sí pàséèjì, ẹ gbé páálí ka iwájú Fúnmi. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ẹ ní ẹ̀yin ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ẹ wá fi han òun, ẹ ní tiyín ti tán. Apá yọ, ó tún yọ. Omi ti lé sójú ọmọ. Bàámi bẹ̀rẹ̀ láti bá a mú un, ẹ sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Bàámi nàró. Fúnmi fi ìrù sódì, ẹ rí i, èmi náà rí i, ẹ fojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Ó yọ ọ́, ó yí i padà, ó tún un tì bọ̀ ọ́. Kí òrùn tó wọ̀, bàálù ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ sì wọ yàrá lọ sùn láìjẹun alẹ́, ẹ ní ẹ ti yó.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò bá wa rí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa kú ọ̀fọ̀, ọ̀kan nínú wọn bi Fúnmi pé ta ló ra bàálù fún un. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò ti í bọ abẹ́ aṣọ. Ó gbé bàálù ka itan, ó fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó fi òsì tú apá rẹ̀, ó sì tún un tò lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Bàbá ló rà á. Èmi ni mo ṣe é." Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn wọn pé èyí tó ń lo gọ́ọ̀mù ló kàn, òun ti ń ro bí òun á ṣe fi orúnkún dì í mú.

A máa jọ lọ sí Yábàá. Òun ni yóò yàn án, mi ò ní nawọ́. Ẹ sinmi, ọmọ Ọbòkun, ẹ má rò wá mọ́. Ọmọ yín ti ń ṣe é. Ẹ sùn re o, Bàbá Aláṣọ, ẹ sùn re.