Bí Baba Mi Ṣe Ń Ṣí Ìwé

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ tí mo ń fi fọ́nnu kiri, òun ló ṣe baba mi ní jàǹbá, n kò sì mọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ojú áàpù: ibi tí èèyàn yóò tẹ̀, àwọ̀ tí yóò rí, ojú-ìwé tí yóò kàn. Yàrá kan ní Tanke ni èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi ti ń ṣe é. Ilé ìwòsàn kan ní ìgboro gbéṣẹ́ fún wa, pé kí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa fi iye tí ẹ̀rọ bá kà ránṣẹ́ láti ilé lójoojúmọ́, kí nọ́ọ̀sì lè tètè mọ ẹni tó yẹ kó sáré wá. Alábàáṣiṣẹ́ mi ní kí á fi bọ́tìnnì méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Mo yarí. Mo ní bọ́tìnnì ti di ayé àtijọ́, ó ń ba ojú áàpù jẹ́, kí á jẹ́ kí wọ́n máa fi ìka fà á. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jiyàn. Ẹnu mi mú ju tirẹ̀ lọ, bí mo ṣe borí nìyẹn.

Baba mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Àgbẹ̀ ni, lábúlé kan lẹ́bàá Òkè-Oyì, ó sì ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi fúnra mi ni mo lọ fi hàn án. Ọlọ́kadà ń dúró dè mí níta, mo wá sáré sọ ọ́: "Baba, tí ẹ bá ti kọ iye rẹ̀ tán, ẹ ṣí i síwájú bí ẹ ṣe ń ṣí ìwé. Á lọ fúnra rẹ̀." Ó ní ìyẹn ò le rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi pè mí pé baba mi ṣubú sóko. Rọpárọsẹ̀ ni, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn náà. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi lọ bá nọ́ọ̀sì, mo bi í pé kí ló ń wò níran tí kò fi pè wá. Kò bá mi jà. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Kò sí iye kan ṣoṣo níwájú orúkọ baba mi. Ó ní òun ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, baba mi sì ní òun ń fi í ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun wá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé ló fà á. Mo padà lọ bá ìyá mi.

Ìyá mi, tó máa ń jókòó tì í láràárọ̀, ló fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí. Ó fi ìka fa ojú fóònù láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ó ní, "Tí fóònù bá ti kí i báyìí, á ní alihamudulilahi, á gbé e sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣí Àlùkùránì nìyẹn, nítorí láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á. Baba mi ò ṣí ìwé mìíràn rí láyé rẹ̀. Nínú áàpù tèmi, ẹ̀yìn ni ìyẹn ń lọ: iye tó kọ á pa rẹ́, á padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, níbi tí mo kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rò pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ilé-kéú kan náà ni èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

A fi bọ́tìnnì sí i lọ́jọ́ kejì. Mo gbé e lọ bá baba mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ iye náà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, iye náà sì lọ. Nọ́ọ̀sì juwọ́ sí wa pé ó ti wọlé. Baba mi wo ìka rẹ̀, ó wá wò mí.

"Má bínú, ọmọ mi," ó ní, "ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Èmi ni baba mi ń bẹ̀ pé kí n má bínú.