Orin Méjì Lẹ́nu Géètì Wa

Ọdún 1985 ni ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ìlú sọ bóyá ká yá owó lọ́wọ́ àwọn ayánilówó àgbáyé tàbí ká má yá a. Àríyànjiyàn náà kò mọ sí ibi kan. Àwọn mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá ń jà á, àwọn èrò ọkọ̀ Ìwó Road ń jà á, ìjọ Aládùúrà ẹ̀yìn ilé wa tiẹ̀ fi sínú àdúrà òwúrọ̀. Nígbà náà, mò ń di bísíkíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Challenge, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Kúnlé ni alága. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń kóra jọ sí yàrá kan ní Agbowó láti kàwé, ká sì jiyàn lórí bí ayé ṣe yẹ kó rí. A pín sí méjì. Àwọn Kúnlé ń tẹ̀lé Rọ́ṣíà, àwa kan ń tẹ̀lé Ṣáínà. Kò sí ẹni tó ti fojú kan èyíkéyìí rí nínú wa, síbẹ̀ a ń bá ara wa jà bí ẹni pé ilé bàbá wa ni.

Ìgbà tó yá, ìwé ìpè dé láti Mọ́síkò, olú ìlú Rọ́ṣíà, pé kí òṣìṣẹ́ kan wá kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kúnlé ni wọ́n mú. Èmi tí mo kọ́kọ́ yá a níwèé tó ń kà, èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, wọn ò rí mi. Nígbà tó padà dé, ó gbé kóòtù onírun kan wọ̀ kiri Bódìjà nígbà ọyẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ ọ́ ní Mọ́síkò. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò ní lè jẹun mọ́ tí mo bá ti gbọ́ orúkọ náà.

"Ṣadé, ká ní o rí bí ilé iṣẹ́ wọn ṣe tóbi tó," ó máa ń wí.

"Ibo ni mo ti máa rí i? Ṣé wọ́n pè mí ni?"

"Inú ń bí ẹ."

"Inú ò bí mi. Mo ń jowú ni."



Láìpẹ́, àwọn ọ̀gá wa sọ pé náírà máa já wálẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń ti Amẹ́ríkà wá máa gbówó lórí, nítorí náà àwọn tó ń di páálí máa lọ. Obìnrin ni gbogbo wa. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà wá: kí gbogbo òṣìṣẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, dáwọ́ iṣẹ́ dúró pa pọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá dá orin ló ń parí ọ̀rọ̀, òun náà ló ń ní kí àwọn tó gbè é nawọ́ sókè láti dìbò. O ò gbọdọ̀ nawọ́ sí orin tí o ò gbè. Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò dá orin.

"Èmi ni alága," Kúnlé wí.

"Obìnrin ni wọ́n fẹ́ lé. Obìnrin ni kó dá a."

"Kí o lè dúró níbẹ̀ bú Rọ́ṣíà?"

"Kí ìwọ náà lè ní ká kúrò lẹ́yìn Amẹ́ríkà ká lọ tọrọ nílé Rọ́ṣíà?"

Bàbá Làmídì, awakọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ wa, mi orí. "Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń jìyà. Èyí tí mo rí yìí ju ìyẹn lọ. Koríko ló ń bá koríko jà, erin ò sì mọ orúkọ ìkankan nínú yín." A rẹ́rìn-ín, a sì tún gba ọ̀rọ̀ wa mú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dìbò lórí ìdáwọ́dúró náà, Kúnlé dá orin lẹ́nu géètì, àwọn ọkùnrin gbè é. Mo dá tèmi lé e lórí, àwọn obìnrin gbè é. Ariwo gba gbogbo títì. Kúnlé ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, pé bí Amẹ́ríkà bá kọ̀ wá, Rọ́ṣíà yóò fún wa ní ẹ̀rọ àti owó.

"Ta ló sọ fún ẹ?" mo bi í.

"Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ lójú mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò lè pè é ní irọ́, torí mi ò dé ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n nawọ́. Àwọn ọkùnrin nawọ́, àwọn obìnrin ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo ní kí tiwa nawọ́, tàwọn ọkùnrin ti wálẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló nawọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àmọ́ kì í ṣe pa pọ̀. Ọ̀gá àgbà dúró lójú fèrèsé òkè, ó ń wò wá, ó sì rí ohun tó fẹ́ rí. Iṣẹ́ kò dúró; kó tó di pé oṣù parí, wọ́n ti lé àwa tó ń di páálí.

Ìlú ní àwọn ò yá owó náà. Ìjọba ní àwọn gbọ́, wọ́n sì tún ṣe gbogbo ohun tí ayánilówó ní kí wọ́n ṣe. Èmi lọ ń ta ẹja ní Ẹlẹ́yẹlé. Rọ́ṣíà tí Kúnlé ń fi búra fọ́ yángá. Ṣáínà tèmi ti di olówó, òun náà ń yáni lówó báyìí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ padà.

Àwọn ayánilówó yẹn kan náà ló wá gba Kúnlé síṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò ìpàdé wọn kan hàn mí lórí fóònù. Àwọn òyìnbó jókòó, ará Ṣáínà jókòó, Kúnlé dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú irun funfun.

"Ẹ̀gbọ́n Kúnlé tiẹ̀ dé ibi gíga o, Màmá. Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi ò dùn. Mo ń jowú rẹ̀ títí di òní."

Mo sọ ọ́ láìtijú. Òun rí ibi dúró sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu iye tí a ó máa ra ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin ọmọ, wọ́n á ní kí Nàìjíríà mú ẹnì kan wá jókòó síbẹ̀. Kí inú yín má tètè dùn. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé àwọn tó ń di páálí dà.