Orúkọ Tí Mo Fún Àwọn Eku Ọ̀jọ̀gbọ́n

Rábíátù Àṣàkẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró mọ́já àlekàn, ọmọ aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ìyàwó mi ni. Iṣẹ́ mi ló pa á.

Eku funfun ni mo ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí kan ní apá Agbowó. Mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń pààrọ̀ èérún pákó tí wọ́n ń sùn lé, mo sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Nọ́ńbà ni wọ́n ní kí n máa kọ, ṣùgbọ́n èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà, orúkọ ló ń dúró sí mi lórí. Bí Sùnmọ́nù bá kú, akọ tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e, òun náà ni Sùnmọ́nù. Ṣebí bí a ti ń ṣe nílé nìyẹn: bàbá lọ, bàbá dé.

Ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntáyọ̀, ń po oògùn kan mọ́ oúnjẹ wọn, tó ní kò ní jẹ́ kí ara gbó. Ìwé mi ló ń yẹ̀ wò. Òórùn kì í jẹ́ kó wọlé tọ eku. Lọ́jọ́ kan ó lọgun: "Bàbá Ràímì! Sùnmọ́nù ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Ó wà, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán."

Ó fò sókè. Ó ní oògùn ti jẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi ń sin àwọn eku tó ń kú, ṣùgbọ́n ta ni mí níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n? Mo gbà á gbọ́. Mo ròyìn rẹ̀ fún Àṣàkẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà.

"Ẹ bu díẹ̀ wá fún èmi náà. Ṣé eku ni kó máa dán, kí èmi máa hunjọ?"

Mo bù ú wá. Ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ pé jọ ní Bódìjà láti jiyàn lórí oògùn náà; ọ̀gá mi mú èmi àti ìwé mi lọ. Dókítà Fọláṣadé dìde, ó ní kò sí eku tí í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ọ̀gá mi ní ìlara ni. Obìnrin náà bá kọjú sí mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé Sùnmọ́nù kan ṣoṣo ni?"

"Rárá o, mà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà nìyí."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi sáré wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé mi relé.

Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé àwọn eku yẹn ń kú?"

"Mo rò pé wọ́n mọ̀ ni."

Kò bú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wẹ̀wù láti lọ ra oògùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni a sin Àṣàkẹ́.