Ojú Ìwé Tí Mo Fà Ya

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló kó mi sí ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà kékeré ni mí nígbà yẹn, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú wa, ìlú tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, lójú ọ̀nà Èrúwà. Tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí ojú pátákó, àwọn òbí tí kò mọ̀wé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á ní ọwọ́ tíṣà yìí dùn ún wò. Mo fẹ́ràn ìyìn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ènìyàn rere ló ń sọ̀tàn.

Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba ni. Ní gbogbo ìgbà òṣèlú tó kọjá, ojú ará ìlú ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí à ń pè ní akódà. Kánsù ló gbà wọ́n síṣẹ́, ọmọ ìlú sì ni wọ́n, àmọ́ tí akódà bá ti di bẹ́líìtì mọ́dìí tán, kò tún mọ ilé baba ẹnikẹ́ni mọ́. Tí èèyàn bá fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn náà ni yóò lọ, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, kánsù ní kí ìlú yan èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe ọlọ́pàá, kí wọ́n máa jókòó ní ọ̀sán Sátidé nínú kóòtù ìbílẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀sùn tí ará ìlú bá ní sí akódà, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn ni gbogbo agbára tí wọ́n ní. Wọn ò lè ti akódà mọ́lé, wọn ò lè lé e níṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀sùn akódà kan bá wọ ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kánsù ní àwọn yóò bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀.

Baba tí wọ́n fi ṣe alága, oníṣòwò ẹ̀gúsí ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Kò mọ̀wé. Òun ló ní kí n wá ṣe akọ̀wé wọn. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa, tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o kọ." Inú mi dùn débi pé mo lọ ra yíǹkì tuntun.

Ẹ̀sùn kẹta tó dé iwájú wa, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi.

Àgbẹ̀ ni. Bàbá Ìbejì ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ìbejì ló fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí, bó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Aláwàdà paraku ni pẹ̀lú. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko, àpò pákí wà lẹ́yìn rẹ̀. Akódà kan dá a dúró níwájú ọjà, ó ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní aago. Akódà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àbúrò wa obìnrin, ló fẹ́. Àna wa ni, ẹni tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi bá a ṣàwàdà. Ó ní, "Àna mi, ẹnu mi ni aago mi. Ṣé kí n lù ú kẹ́ ẹ gbọ́?" Ló bá fi ẹnu dún gbin-gbin-gbin. Àwọn ará ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Akódà gbá a létí, ó tún fi kóńdó gbá a ní ẹ̀gbẹ́ orí kan náà, ó wọ́ ọ lọ sí àtìmọ́lé. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ etí òsì rẹ̀, nígbà tó yá, ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí náà ò ní gbọ́ nǹkan mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà, tí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní láti yí etí ọ̀tún síni. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ní ọmọdé, nígbà tó máa ń gbọ́ ìró òjò kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Mo sọ fún Baba alága pé ẹ̀gbọ́n mi ni, bóyá kí ẹlòmíì bá wa kọ ti ọjọ́ yẹn. Ó ní ta ló tún wà tó mọ̀wé kọ bíi tèmi. Mo kọ ọ́, ó kún iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan, ojú ìwé keje àti ìkẹjọ. N kò fi ohunkóhun sílẹ̀: ọjọ́ ọjà, aago kẹ̀kẹ́, ẹ̀rín, kóńdó, etí. Mi ò tíì kọ nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo kà á síwájú gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní, "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àbúrò mi."

Ká ní ibẹ̀ la fi mọ!

Iṣẹ́ tí kánsù gbé fún àwọn àgbà wa ni pé kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n kọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé ni pé kí wọ́n parí ìjà. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a débẹ̀, a bá akódà náà láìwọ yunifọ́ọ̀mù, bùbá àti ṣòkòtò lásán ló wọ̀. Ìyàwó rẹ̀, àbúrò wa, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wọlé báyìí, akódà nà gbalaja sílẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àna mi. Iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ fi orí jì mí."

Baba alága ní, "Bàbá Ìbejì, a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Tí ẹlòmíì bá tún fẹjọ́ sùn, tí wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ilé ọmọ yín ni ebi máa wọ̀. Ṣé ìwọ lo máa fọwọ́ ara ẹ tú ilé àbúrò ẹ ká?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àna rẹ̀ nílẹ̀, ó wo àbúrò wa tó ń sunkún. Àna ẹni kì í sì í pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀ láàárín wa, ìtìjú ni fún ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé kó dìde. Wọ́n gbé obì wá, wọ́n pa á, gbogbo wa jẹ níbẹ̀. Èmi náà jẹ. Ó korò lẹ́nu mi, àmọ́ obì wo ni kì í korò?

Ìgbà yẹn ni Baba alága yíjú sí mi. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti parí. Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé."

Mo ní, "Baba, ojú ìwé yìí ní nọ́ńbà o."

"Ọ̀rọ̀ tá a ti jẹ obì lé lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un sọ mọ́. Ìwé náà ò gbọdọ̀ máa sọ ọ́."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó yí etí ọ̀tún sí wa. Mo di ewé náà mú, mo fà á ya. Baba alága ṣáná sí i lẹ́yìnkùlé kóòtù, ó jóná tán. Wọ́n yìn mí pé ọmọ tó gbọ́ràn ni mí.

N kò lè sọ pé èèyàn burúkú ni àwọn àgbà yẹn. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú títí dòní. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa pé kì í ṣe ẹni tí akódà ti lù nìkan ni ìwé náà wà fún. Ẹni tí kò tíì lù ló ni ín jù.

Kò pé ọdún kan tí ẹni náà fi dé. Télọ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá onígàárí kan ní ìsàlẹ̀ ọjà bí. Akódà kan náà yìí ló mú un, ó ní ó gbé tábìlì ìránṣọ rẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló wọ àtìmọ́lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Akódà ní wárápá ló gbé e tó fi forí gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ ń wí fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé ọmọ òun ò ní wárápá rí, láti kékeré, ẹ bi ẹnikẹ́ni.

Ìlú kígbe, Ìbàdàn sì rán ọ̀gá kan wá pé kó wádìí rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí ẹjọ́ náà máa dá lé: ṣé ọkùnrin yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ìyá onígàárí kò lọ jìnnà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ló gbà lọ. Mo wà níbẹ̀. Ìyá àgbà tó tó bí wa kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi sọ ọ́. Ohun tójú yín rí náà ni kẹ́ ẹ sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi fà á dìde kíákíá. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo ti jẹ obì lé e. Tí mo bá dìde fúnra mi, wọ́n á ní mo ti dalẹ̀ àgbà, wọ́n á sì lé àbúrò mi jáde nílé ọkọ. Àmọ́ tí ìwé bá pè mí, màá dáhùn. Obì ò de ìwé." Ó wá yíjú sí mi. "Wọ́n á bi ọ́ léèrè. Ìwọ ṣáà ti sọ pé ẹ̀sùn kan wà níbẹ̀ rí. Èyí tó kù, èmi ni."

Mo ní mo gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwádìí, Baba alága yà sí ilé-ìwé wa kó tó lọ sí kóòtù. Kò wọ kíláàsì. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Tíṣà, àgbà márùn-ún ni wá. Má dójú tì wá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kóòtù kún fọ́fọ́. Ọ̀gá láti Ìbàdàn ní kí n bá òun kọ ohun tí ìyá onígàárí bá sọ, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé ẹlẹ́yìn pupa lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró. Ó fi ìka tọ́ etí ewé tó ya náà.

"Ojú ìwé keje àti ìkẹjọ dà?"

"Yíǹkì ló dà sí i, sà. Mo fà á ya."

"Ṣé ẹ̀sùn wà níbẹ̀?"

Bẹ́ǹṣì iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ ló wọ̀. Ó ti sún sí etí bẹ́ǹṣì, ó yí etí ọ̀tún sí mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti etí náà lẹ́yìn kó baà lè gbọ́ mi dáadáa. Mo wo àwọn àgbà márààrún. Mo wo àbúrò wa lẹ́yìn, oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀. N kò wo ìyá onígàárí.

Mo ní, "Kò sí, sà. Mi ò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀ kí yíǹkì tó dà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kúrò létí, ó sún padà sẹ́yìn bẹ́ǹṣì.

Wọ́n ní kò sí ẹni tó fẹjọ́ akódà náà sùn rí, wọ́n ní wárápá ni. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ìjọba wá tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká, ó lọ dáko ní apá Igangan, mo gbọ́ pé iṣu rẹ̀ ń ta. Ìyá onígàárí dá mi dúró níta kóòtù lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀wé, kò sì mọ ohun tí mo ṣe. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣé o. Mo rí bí ẹ ṣe ń bá mi kọ ọ́ wéré-wéré. Ọlọ́run á gbè yín." Ó di gàárí fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo gbà á. Ojú tì mí láti kọ̀ ọ́, ojú sì tì mí láti jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ó ṣì ń bá mi ṣeré, ó ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi nígbà ìkórè. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní àbúrò mi mọ́. Tíṣà ló ń pè mí, bí gbogbo ìlú ṣe ń pè mí.

Ó tó bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Mo lọ jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ó kọjú sí ògiri, etí òsì ló wà lókè. Mo mọ̀. Mo lè jí i, mo lè ní kó yíra padà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ba, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí etí yẹn: ti ewé tí mo fà ya, ti yíǹkì, ti Baba alága lójú fèrèsé, ti bí mo ṣe ń rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn etí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti mú kálàmù. Mo ní kó dárí jì mí. Mo sunkún.

Bóyá èémí mi ló kàn án lọ́rùn. Ó mi díẹ̀. Ó ní, "Kí lo wí, Tíṣà?"

Mo ní, "Mo ní ṣé kí n bu omi wá."

Mo lọ sídìí àmù, mo bu omi náà. Nígbà tí mo padà dé, ó ti yíra padà. Etí ọ̀tún ló wà lókè báyìí, ó sì ń wò mí, ó ń dúró. Mo gbé omi fún un.