Ọlá Ẹni Tó Juwọ́ Sílẹ̀

Ìtàn àgbáyé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Springdale, lẹ́bàá ìlú Washington. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé orí àwọn sàmúráì, jagunjagun ilẹ̀ Jàpáànù àtijọ́, àti àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù, inú mi a máa dùn. Òfin ọlá àwọn méjèèjì jọra: má ṣe sá lójú ogun, má ṣe da ọ̀gá rẹ. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ọjọ́ tí ọ̀tá bá ṣẹ́gun wọn. Ẹlẹ́ṣin Yúróòpù lè juwọ́ sílẹ̀, kó fi idà rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́, kó bá a jẹun, kí àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá rà á padà. Ọ̀pọ̀ sàmúráì kò jẹ́ gba irú ìyẹn. Kí wọ́n tó mú un láàyè, yóò kúkú fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Èmi, ti sàmúráì ni mò ń ṣe. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé àwọn baba mi ní irú òfin yẹn, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Màá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù gàdàgbà, bíi pé èmi ni mo pa òwe náà.

Lọ́dún yìí, bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n ṣẹ́gun ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa fẹ́ kó kú ni, àbí kó wálé?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Bowie, dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Washington. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló yọ́ ọ sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn, nítorí ọkọ rẹ̀ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń ka Bíbélì fún ìjọ. Ní àná ọjọ́ kíláàsì yìí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ikú yá ju ẹ̀sín o." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í sọ ọ́? Ìyá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ìrẹsì ìkómọ jóná.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ máa kàwé, mo jáde, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbé fóònù. Mo pe ìyàwó rẹ̀, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà kò gbé e. Mo wọlé, mo jókòó, mo dìde. Àga gbóná mọ́ mi nídìí. Mo bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kó bá mi mójú tó kíláàsì, mo sọ fún ọ́fíìsì pé ọ̀rọ̀ ilé ni, mo bọ́ sínú mọ́tò.

Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń bínú. Mo bínú sí iná pupa, mo bínú sí ẹni tó ń rọra wakọ̀ níwájú mi, mo bínú sí àwọn baba mi pẹ̀lú òwe wọn. Kí ló dé tí wọn ò sọ ohun tí èèyàn máa jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀sín? Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rọrùn jù ú lọ.

Nígbà tí mo dé Bowie, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Pajámà ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin tí í lọ aṣọ kó tó jáde lọ da ilẹ̀ nù!

"Kí lo wá ṣe? School ò sí today ni?"

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí i. Ó yẹ kí n fọ̀rọ̀ yípo, nítorí a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè tó wà lẹ́nu mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń ronú àtipa ara yín ni?"

Mo rò pé yóò lé mi. Ó wò mí, ó wo ìta, ó tún wò mí.

"Látọjọ́ yìí," ó ní, "bóyá mo ti rí job ni gbogbo yín ń bi mí. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní èyí."

Ó di apá aṣọ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi dé, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.