Ẹsẹ̀ Naïmath Lórí Bíréèkì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Naïmath fi jẹ́ ẹsẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Sikirou ń lẹ táyà ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, Naïmath sì ń ránṣọ nínú ilé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú bíréèkì ògbólógbòó ọkọ̀ wọn, Sikirou á wọ abẹ́ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ á jókòó síbi ìwakọ̀. Ọkọ á ní kó tẹ̀ ẹ́, kó dì í mú. Á wá tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà, epo bíréèkì àti afẹ́fẹ́ á rú jáde, á sì tún un dì kí Naïmath tó gbẹ́sẹ̀. Láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ìgbéyàwó Rahimath, àkọ́bí wọn.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Naïmath ní orúnkún ọ̀tún, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ohun líle. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n padà lọ rí dókítà ni bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ Sikirou. Níbi tí Naïmath ti ń ronú ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ ti ọjà Ouando dé pẹ̀lú ike ńlá kan tó ní ọwọ́ ìfọn àti aago kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́.

Ó ní oríṣi méjì ni wọ́n fi han òun. Ọ̀kan ń fa epo láti ìdí táyà, òun kò sì mú un, torí afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ wọlé lára nọ́ọ̀tì. Èyí tí òun rà, ẹnu ike epo bíréèkì ni wọ́n ń dè é mọ́. Bí èèyàn bá ti fọn ún, yóò ti epo lọ sí ìdí táyà fúnra rẹ̀.

"Èèyàn kan ṣoṣo ló ń lò ó," ni Sikirou wí tayọ̀tayọ̀. "O lè jókòó rẹ jẹ́ẹ́."

Oore ló rò pé òun ń ṣe. Inú Naïmath bàjẹ́. Ó rò ó pé òun náà ti wá di ẹni à ń gbé jókòó. Ó kàn ní, ẹ ó lò ó pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Ẹni tó ta ike náà ti kìlọ̀ pé ọwọ́ aago náà kò gbọdọ̀ kọjá àmì ọ̀kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ẹni tó ń lẹ táyà ní afẹ́fẹ́? Sikirou fọn ún bí ẹni ń fọn táyà, ó dé méjì. Ìdérí tó fi dè é mọ́ ẹnu ike epo fò, epo tú sí i láyà, ó tú sára ọkọ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Naïmath fi ọ̀pá tilẹ̀ wá, ó gbé búta àlùwàlá dání, ó ní kó tètè da omi sí i kí epo tó bó ọ̀dà ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Sikirou tún un dè. Ó dúró lórí ọ̀kan lọ́tẹ̀ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì ń wo epo nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi sẹ́nu rẹ̀ títí kò fi hó mọ́. Kò tó wákàtí kan tó fi ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Naïmath yí padà, ó ń wọlé lọ.

"Ìyá Rahimath, níbo lò ń lọ?" Sikirou ṣílẹ̀kùn ibi ìwakọ̀. "Wá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ wò fún mi."

"Ṣé ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ fúnra yín ni?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, ó jọ pé ó le. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tìrẹ ni mo gbà gbọ́. Bí o ò bá ní ó dára, n ò ní gbé ẹ wọ inú ẹ̀ lọ́la."

Naïmath jókòó, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó le, kò rì rárá. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ojú rẹ̀. Ó wu Naïmath kó purọ́ pé ó ṣì rọ̀, kí àwọn méjèèjì tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ti dára," ló sọ, ṣùgbọ́n kò gbẹ́sẹ̀ kúrò.